Ọkọ Mi Kú, Kò Fi Iṣẹ́ Sílẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ mi yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, nítorí ẹkún tèmi kò jọ èyí tí ẹ ti máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn opó. Opó mìíràn ń sunkún pé òun kò gbọ́ ohùn ọkọ òun mọ́. Èmi, ohùn ọkọ mi ni kò jẹ́ kí n sinmi. Ọkọ mi ti kú, a ti sin ín, koríko ti hù lórí ilẹ̀ tí a tẹ́ ẹ sí. Síbẹ̀, gbogbo Ọjọ́bọ̀ tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti wọlé, ó ń kọ́ àwọn ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ lórí fóònù wọn, tó bá sì di ọjọ́ Ajé, èmi ni màá dúró níwájú àwọn ọmọ náà láti ṣàlàyé ohun tí olóògbé wí. Bí mo bá ń gba abẹ́ igi kọjá nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́, ohùn rẹ̀ á jáde lára fóònù ọmọ kan. Bí mo bá wọ ilé oúnjẹ, á ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Àwọn ènìyàn a sì máa sọ fún mi pé, "Ẹ̀yin tiẹ̀ ṣoríire, ẹ ṣì ní ohùn rẹ̀." Oríire kẹ̀! Ẹni tó kàn ló mọ̀.

Olùkọ́ ni àwa méjèèjì ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní agbègbè Ọ̀jọ́ níbí. Ìmọ̀ nípa ojú ilẹ̀ ni iṣẹ́ wa: odò, àbàtà, òjò, bí omi ṣe ń rìn àti bí ọmọ ènìyàn ṣe ń tẹ ìlú dó sí ọ̀nà omi. Ó ti di àgbà olùkọ́ níbẹ̀ kí n tó dé. Ọmọ Àwórì ni, ọmọ onílẹ̀, kò sì sí ibi tí omi ń gbà ní gbogbo apá ibí tí kò mọ̀, nítorí láti kékeré ló ti ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ dẹ ìgèrè létí ọ̀sà. Èmi, ará Òkè Ògùn ni mí. Àpáta ni mo mọ̀, mi ò mọ ọ̀sà. Òun ló mú mi dé etí omi lọ́jọ́ kan, ó ń nawọ́ sọ́tùn-ún sósì, ó ń sọ ibi tí omi ti wá àti ibi tó ń lọ fún mi, èmi sì gbàgbé omi, ẹnu rẹ̀ ni mò ń wò. Kí n sọ òótọ́ fún yín, mo fẹ́ràn ohùn ọkùnrin yẹn kí n tó fẹ́ràn òun fúnra rẹ̀. Ẹ ò rí ayé! Ohun tó fa ẹsẹ̀ mi wọ ilé rẹ̀ náà ló tún wá ti ilẹ̀kùn mọ́ mi níbẹ̀.

Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ wa pinnu pé kí a máa pa ẹ̀kọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ẹ̀kọ́ inú kíláàsì, àwọn àgbà olùkọ́ fárígá. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe òṣèré. Wọ́n ní iná dà, dátà dà, ta ni yóò máa dá bá ògiri sọ̀rọ̀ bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé? Ọkọ mi nìkan ni inú rẹ̀ dùn. Ó ní ó ti pẹ́ tí ojú àwọn ọmọ tó ń dúró sẹ́yìn fèrèsé ti ń ṣe òun láàánú, nítorí gbọ̀ngàn wa kò gba gbogbo wọn, àwọn tó wà níta kì í sì í gbọ́ ju ààbọ̀ ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ nílé lórí fóònù, kí wọ́n dá a dúró níbi tó bá ti ta kókó, kí wọ́n tún un gbọ́, tí wọ́n bá wá dé kíláàsì, kí a jọ máa ya àwòrán rẹ̀, kí a jọ máa jiyàn. "Fídíò dà bí àgbàdo tí a rẹ sómi ni," ó máa ń wí. "Kíláàsì ni ọlọ. Bí o kò bá lọ̀ ọ́, kò lè di ògì." Ó sọ yàrá kékeré tí a ń kó ẹrù sí nílé wa ní Òkokomáíkò di ibi tó ti ń gbohùn sílẹ̀. Ó gbé tìmùtìmù ti ògiri, ó ta aṣọ tó nípọn sójú fèrèsé kí ariwo jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò má bàa wọlé. Inú ooru yẹn ló ti ka gbogbo ẹ̀kọ́ ọdún náà sílẹ̀. Èmi ni mo ń di fóònù mú fún un, èmi náà ni mo ń nu òógùn ojú rẹ̀.

Ó ní ọjọ́ kan tí òun nìkan wà nínú yàrá náà tí mi ò mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo pariwo láti ilé ìdáná pé, "Ẹ ò wá jẹun ni? Oúnjẹ ti tutù o!" Òun náà dáhùn, pẹ̀lú ẹ̀rín nínú ohùn rẹ̀, pé, "Mò ń bọ̀ jàre, jẹ́ kí n mu omi ná." Ẹ máa gbọ́ ọ nínú fídíò náà bó ṣe ń gbé omi mì, kó tó padà sórí òyìnbó tó ń sọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yọ ibẹ̀ kúrò. Ó ní rárá, kí àwọn ọmọ mọ̀ pé ènìyàn ẹlẹ́ran ara ló ń kọ́ àwọn.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tó parí rẹ̀ ló ṣubú sí balùwẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí a tó gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Kò sí ọmọ láàárín wa. Èyí dùn mí ju ikú náà lọ nígbà yẹn, nítorí níbi ìsìnkú, mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, ó mà ṣe o, kò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ìyá ọkọ mi, tí a ń pè ní Màmá, tí ojú wọn ti fọ́ tipẹ́, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n sì yí orí sápá ibẹ̀. Wọ́n ní, "Gbogbo àwọn tó ń kọ́ yẹn, ọmọ ta ni wọ́n?" Ọkọ mi nìkan ni ọmọkùnrin tí Màmá bí.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá ẹ̀ka wa pè mí. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni wọ́n, tí kì í fẹ́ wàhálà. Wọ́n ní àwọn olùkọ́ tí ì bá gba iṣẹ́ náà ti rìnrìn àjò lọ sí òkè òkun, pé fídíò ọkọ mi sì wà nílẹ̀ tó péye, ohun tó kù kò ju kí ẹnì kan máa mú àwọn ọmọ ní kíláàsì lọ. Wọ́n ní, "Ta ló tún mọ ọ̀nà tó ń gbà ronú jù yín lọ?" Wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ yóò fi ẹ̀kọ́ náà sọ orí rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ má bàa parẹ́. Ẹ̀yin ará, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin nínú ọ́fíìsì yẹn láti dúpẹ́. Lójú mi, Ọlọ́run ló dá ọkọ mi padà fún mi. Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gbà á, ẹnì kan kò fi ipá mú mi.

Ọdún àkọ́kọ́ dára. Àwọn ọmọ tó mọ̀ ọ́n ló wà níbẹ̀, bí a bá sì ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, àwa àti àwọn la jọ ń nu omijé. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ dà bí omi odò, ti òní kọ́ ni ti ọ̀la. Àwọn tó mọ̀ ọ́n jáde lọ, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí wọlé dé. Lójú àwọn wọ̀nyí, kì í ṣe òkú, kì í ṣe alààyè, Sà inú fóònù lásán ni. Wọ́n lè dá a lẹ́nu dúró. Wọ́n lè ní kó tún ọ̀rọ̀ kan wí títí. Èyí tó kọ́kọ́ gún mi lọ́kàn ni ọjọ́ tí mo gba ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn kọjá tí mo gbọ́ ohùn kan tó ń yára sọ̀rọ̀ fìrìfìrì bí ẹyẹ ológoṣẹ́. Mo dúró. Mo tẹ́tí. Ọkọ mi ni! Wọ́n ti mú kí fídíò náà máa sáré kí wọ́n lè tètè parí rẹ̀. Ọkùnrin tí kì í kánjú sọ̀rọ̀ láyé rẹ̀. Mo wọ inú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lọ, mo fi gèlè bo ẹnu. Àwọn ọmọ kan náà ni wọ́n sọ mí lórúkọ. Bí mo bá ń bọ̀ ní kíláàsì, ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan á ti ẹ̀yìn sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé, "Oúnjẹ ti tutù," ẹ̀rín á sì ta. Oyè tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kàwé gbà, kò sí ẹni tó ń pè é. Ìyàwó Sà ni mí. Oúnjẹ ti tutù ni mí. Tí mo bá parí ẹ̀kọ́ tí mo ní ta ló ní ìbéèrè, wọ́n á ní, "Mà, ṣùgbọ́n Sà sọ nínú fídíò pé..."

Ti ilé ẹ̀kọ́ nìkan kọ́ o. Ọ̀tọ̀-Àwórì ni Màmá ń gbé pẹ̀lú ọmọ àbúrò wọn kan tó ń dáná fún wọn. Láti ìgbà tí mo ti sọ fún wọn pé Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n máa ń ṣí ẹ̀kọ́ tuntun fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ní kí n máa wá lọ́jọ́ náà kí àwọn náà gbọ́ ọ. Màmá kò gbọ́ òyìnbó. Bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ kan tó ń yé wọn níbẹ̀. Wọn á wẹ̀, wọn á wọ aṣọ tó mọ́, wọn á jókòó sórí ẹní kí n tó dé. Bí mo bá ti kí wọn tán, ohun tí wọ́n máa ń bi mí ni pé, "Ṣé ọmọ mi ti dé ibi iṣẹ́?" Màá ní bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, màá sì tẹ̀ ẹ́. Tó bá wá kan ọ̀sẹ̀ tí ó sọ pé kí òun mu omi, Màmá á na ọwọ́ síta bí ẹni tó ń bá a di ife mú, wọ́n á ní, "Mu ún, ọmọ mi. Rọra mu ún." Ẹ sọ fún mi, ẹ̀yin tí ẹ ní àánú, ta ni ó lè rí èyí tí yóò sọ pé ó ti sú òun?

Ó ti sú mi. Mo sọ ọ́.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Àkànbí, olùkọ́ ní ilé ìwé kan nínú bárékè Ọ̀jọ́. Ìyàwó tirẹ̀ náà ti kú. Ìpàdé àwọn olùkọ́ kan la ti pàdé, kò sì fi ìkánjú bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó wá kí mi nílé, mo ń gbọ́ ẹ̀kọ́ tí màá ṣàlàyé ní ọjọ́ Ajé, mo sì wà nínú yàrá. Ó gbọ́ ohùn ọkùnrin nínú pálọ̀. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó tẹrí ba, ó ní, "Ẹ kú ilé o, sà." Ohùn náà kò dáhùn, ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ó tún kí i lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo jáde tí mo pa fóònù náà, ojú ti àwa méjèèjì, omi tí mo gbé fún un kò ṣeé mu. Lẹ́yìn tí a ti mọ ara wa dáadáa, ó ní òun fẹ́ fẹ́ mi. Ó ní òun kò bẹ̀rù òkú, pé ìyàwó òun náà wà lọ́kàn òun. "Ṣùgbọ́n ẹni tèmi ti gbà pé òun kú," ó ní. "Ẹni tiyín ṣì ń lọ síbi iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mò ń rò kiri nígbà tí ìdánwò dé. Nínú fídíò kan, ọkọ mi sọ nípa àbàtà kan lẹ́yìn Ìbà tí omi òjò ń gbà lọ sínú ọ̀sà. Ó ní kò sẹ́ni tó ń gbé níbẹ̀, pé omi ló ni ibẹ̀, ẹni bá sì kọ́lé síbẹ̀, omi yóò padà wá bèèrè ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, wọ́n ti fi iyanrìn kún ibẹ̀, wọ́n gbẹ́ gọ́tà ńlá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ilé ti kún un, ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, mọ́ṣáláṣí wà níbẹ̀. Èmi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé ọ̀nà omi ti yí padà, pé omi kò gba ibẹ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ló ń máàkì ìdánwò, ohun tó wà nínú fídíò ni wọ́n sì fi kọ́ kọ̀ǹpútà. Gbogbo ọmọ tó kọ ohun tí mo sọ ló gba òdo níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Bùnmi, tó máa ń jókòó níwájú, wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Mà, ibẹ̀ nilé wa wà. Ibẹ̀ ni mo ti ń jí láràárọ̀. Mo kọ ohun tí ẹ sọ, wọ́n ní mi ò gbà á. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ta ni ká máa gbà gbọ́, ẹ̀yin àbí Sà?"

Mi ò bínú sí i. Àní inú mi dùn! Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ èyí fún yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Inú mi dùn pé mo ti rí àṣìṣe kan mú. Mi ò lè sọ fún ènìyàn pé ohùn ọkọ mi sú mi, ṣùgbọ́n mo lè sọ pé fídíò rẹ̀ ti gbó. Nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gba ìsinmi, mo wọ inú yàrá kékeré yẹn lọ, mo gbé tìmùtìmù ti ògiri bí òun ti ṣe, mo sì ka gbogbo ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin ní ohùn tèmi. Ọ̀fun mi há. Ooru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Síbẹ̀, mi ò rántí ìgbà tí ọkàn mi fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti di opó. Mo gbé e lọ fún ọ̀gá ẹ̀ka wa. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ó dára púpọ̀. Wọ́n wá fi ọwọ́ nu ojú, wọ́n ní, "Ṣùgbọ́n orúkọ olóògbé ni a fi sọ ẹ̀kọ́ yìí, ìṣojú ìyá rẹ̀ la sì ti kéde rẹ̀. Ẹ lọ bá Màmá sọ ọ́. Bí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, tèmi ti parí."

Mi ò dúró di Ọjọ́bọ̀. Mo gba Ìjanikin kọjá lọ́jọ́ kejì, mo sì ra ọsàn lọ́wọ́. Nígbà tí mo sọ pé ọ̀rọ̀ kan wà tí mo bá wá, Màmá dìde jókòó.

"Ṣé wọ́n ní iṣẹ́ ọmọ mi kò dára ni?"

Mo ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ayé ń yí, pé ilẹ̀ kò dúró sójú kan, pé èmi náà ti gbohùn sílẹ̀. Mo ní màá kó gbogbo ohùn rẹ̀ sínú rédíò kékeré kan tí wọ́n fi ń gbọ́ wàásù, bọ́tìnnì kan péré ni wọn yóò máa tẹ̀, wọ́n á máa gbọ́ ọ nígbà tó bá wù wọ́n, kò ní jẹ́ Ọjọ́bọ̀ nìkan mọ́. Wọ́n gbọ́ mi tán. Wọ́n ń fi àtàńpàkò yí ọsàn tó wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyàwó mi," wọ́n ní, "tí o bá tẹ ohùn yẹn fún mi ní Ọjọ́bọ̀, ṣé àwọn ọmọ yẹn náà ń gbọ́ ọ níbi tí wọ́n wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n ń kọ ohun tó ń sọ sílẹ̀?"

"Wọ́n ń kọ ọ́, Màmá."

"Èyí tí o fẹ́ kó sínú rédíò fún mi, ta ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀?"

Wọ́n gbé ọsàn náà sílẹ̀. "Mo mọ̀ pé ó ti kú. Ojú mi ló fọ́, orí mi kò dàrú. Tí o bá rí ọkọ, fẹ́ ẹ, ọmọdé ṣì ni ọ́, inú mi kò ní bàjẹ́. Ṣùgbọ́n jọ̀wọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, má gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi."

Ká ní wọ́n bú mi ni, ì bá sàn. Ká ní wọ́n lé mi jáde, ṣé ẹ rí i, ǹ bá ti rí ohun dì mú. Mo sunkún láti Ọ̀tọ̀-Àwórì dé Òkokomáíkò, ẹni tí a jọ jókòó nínú ọkọ̀ ń bi mí ṣé ẹnì kan kú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo ṣe ọkàn mi gírí. Mo padà lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka wa, mi ò sọ gbogbo ohun tí Màmá wí. Mo ní Màmá kò tíì fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹbí, pé irọ́ ni a ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ẹ̀yìn Ìbà, àwọn ọmọ sì ń fìdí rẹmi nítorí rẹ̀. Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e wá síwájú ìpàdé ẹ̀ka, wọ́n sì rò pé yóò wọlé. Mo sọ fún Àkànbí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilé.

Òjò tó wá rọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ibí ò ní gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ṣeré, kò sì dá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ṣí fóònù mi, mo rí àwòrán tí Bùnmi fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́ kíláàsì wa. Omi ti kún pálọ̀ wọn. Ìkòkò ọbẹ̀ ń léfòó lẹ́bàá àga. Gọ́tà ńlá yẹn ti kún, omi sì ti padà gba ojú ọ̀nà rẹ̀ àtijọ́. Ọmọ kan kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Sà ti wí!" Kó tó di ọ̀sán, òmíràn ti gé ibi tí ọkọ mi ti sọ̀rọ̀ nípa àbàtà náà, ó ti fi ohùn rẹ̀ sórí àwòrán ilé tó wà nínú omi, ó sì ti tàn ká. Àwọn tí kò mọ ilé ẹ̀kọ́ wa rárá ń fi í ránṣẹ́ sí mi. Ohùn ọkọ mi, jẹ́jẹ́, tí ó ń sọ pé omi yóò padà wá bèèrè ilẹ̀ rẹ̀.

Mo lọ síbẹ̀. Mo gun ọ̀kadà dé ibi tí ilẹ̀ gbẹ mọ, mo ká ìró sókè, mo fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú omi. Mo bá Bùnmi àti ìyá rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò, mo sì bá wọn gbé e. Nígbà tí a gbé e kalẹ̀, ìyá rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi púpọ̀. Ó ní, "Mà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ pé omi kò gba ibí mọ́, àbí? Ó wá sọ fún wa nílé, ọkàn wa balẹ̀." Kò fi bú mi. Ó kàn sọ ọ́ ni. Bùnmi wo ilẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ má bínú. Sà ló mọ̀ ọ́n."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, òótọ́ ni. Òun ló mọ̀ ọ́n. Àṣìṣe kan ṣoṣo tí mo rí dì mú, kì í ṣe àṣìṣe. Èmi tí mo fẹ́ kó jẹ́ àṣìṣe, mo ka iyanrìn tí ènìyàn dà sí ilẹ̀ gidi, nítorí pé ó bá ohun tí mo ń wá mu.

Nígbà tí ìpàdé ẹ̀ka dé, kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n gbé ọ̀rọ̀ mi kalẹ̀. Àwọn àgbà olùkọ́ tó fárígá lọ́jọ́sí ni wọ́n ń yin fídíò náà jù. Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. Wọ́n ní láti sáà tó ń bọ̀, gbogbo ọmọ tuntun, ẹ̀ka yòówù kí wọ́n wà, ni yóò máa gbọ́ ọ, èmi ni màá sì máa mú gbogbo wọn ní kíláàsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi! Mo dìde, mo ní ẹ ṣé o. Kí ni ǹ bá tún sọ?

Àkànbí kò bá mi jà. Ó ní wọ́n ti fún òun níṣẹ́ ní ìlú mìíràn, òun yóò sì kó lọ kí sáà tuntun tó wọlé. Ó ní tí mo bá ń bọ̀, kí n bọ̀ ní èmi nìkan. Bí mo bá tẹ̀lé e, ta ni yóò máa tẹ fóònù fún Màmá ní Ọjọ́bọ̀? Bí mo bá dúró, màá gbó sí ẹnu iṣẹ́ tí òkú ń ṣe, tí èmi ń bá a túmọ̀. Adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ. Ohùn tèmi tí mo gbà sílẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ rí. Nígbà mìíràn màá tẹ̀ ẹ́ fún ara mi. Mò ń sọ̀rọ̀ dáadáa níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀ báyẹn.

Nítorí náà ni mo ṣe wá bá yín. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ láyé, ẹ gbà mí níyànjú. Ṣé kí n wọ ọkọ̀, kí n bá ẹni tó ń pè mí lọ? Ṣé kí n tún lọ kúnlẹ̀ fún Màmá, kí n má fi fídíò ṣe àwáwí mọ́, kí n sọ fún wọn ní tààrà pé ó ti rẹ̀ mí? Ohun tí ẹ bá ní kí n ṣe, màá gbé e yẹ̀ wò. Ẹyọ ìmọ̀ràn kan ni mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe fún mi, nítorí ọ̀rẹ́ mi kan ti fún mi, mi ò sì lè sùn láti ìgbà náà. Ó ní kí n ní sùúrù, pé Màmá ti dàgbà, pé wọn kò ní pẹ́ lọ. Ẹ má sọ ọ́. Ikú kan ló ti ilẹ̀kùn yìí mọ́ mi. Mi ò fẹ́ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí n máa retí ikú mìíràn tí yóò wá ṣí i.